Ògiri tó ń mu omi, kọ̀ǹpútà méjì, iṣẹ́ ọ́fíìsì: èwo ni ká kọ́kọ́ dojú kọ? (Ìkòròdú)

Tábìlì_Ẹ̀yìnkùlé
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìgbógbó ni ilé wà. Yàrá ẹ̀yìn ni, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 10 ní ìbú, búlọ́ọ̀kù íǹṣì 6 ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ògiri ẹ̀yìn ń mu omi láti ilẹ̀ dé orúnkún, ọ̀dà ń ṣí bí èèpo iṣu, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń yọ lára rẹ̀. Páìpù ìdọ̀tí balùwẹ̀ gba ìta ògiri náà kọjá. Yàrá yìí ló fẹ́ di ibi iṣẹ́, torí ọ́fíìsì ní Erékùṣù Èkó ti ní ká máa ṣiṣẹ́ nílé ní Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Kọ̀ǹpútà méjì ni yóò wà níbẹ̀: dẹ́sítọ́ọ̀pù kan, àti láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí yóò máa fi Linux (ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́) tọ́jú fáìlì gbogbo ilé.

Ọjọ́ mẹ́ta yòókù, aago 5 ìdájí kì í bá mi nílé, aago 9 alẹ́ ni mò ń wọlé. Sátidé àti ọ̀sán Sọ́ńdè ló ṣẹ́kù. Owó tó wà kò lè ṣe ju ohun kan lọ lóṣù. Èwo ni kó ṣáájú: ògiri, wáyà, bátìrì, àbí kọ̀ǹpútà?

Bíríkìlà_Òdogúnyàn
Ẹ má ná kọ́bọ̀ títí ẹ ó fi mọ ibi tí omi ti ń wá. Omi mẹ́ta ló ń ṣe irú èyí: omi ilẹ̀ tó ń gun ògiri, páìpù tó ń jò, àti afẹ́fẹ́ yàrá tó ń di omi lára ògiri tútù. Ojú lásán kì í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, 45cm ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ nu ara ògiri, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá náà mọ́ ọn ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Bí omi bá ta sẹ́yìn ọ̀rá, níhà ògiri, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ ni. Fèrèsé ló máa wo ìyẹn sàn, kì í ṣe sìmẹ́ńtì.

Fún páìpù tó ń gbé omi wọlé: lálẹ́, ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọn omi inú tánńkì, ẹ tún wọn ọ́n ní ìdájí kí ẹ tó jáde. Bó bá dín, ó ń jò níbì kan. Fún páìpù ìdọ̀tí: ẹ po búlúù ìfọṣọ sínú omi bókẹ́ẹ̀tì kan, ẹ dà á sí ihò balùwẹ̀, ẹ da bókẹ́ẹ̀tì omi lásán 2 tẹ̀ lé e. Bí búlúù bá yọ lára ògiri tàbí nínú yanrìn ìta láàárín ọjọ́ 2, oríkèé páìpù ti là.

Ìrísí àbàwọ́n náà ń sọ̀rọ̀. Omi ilẹ̀ máa ń dúró ní gíga kan náà káàkiri ògiri, kì í sì sábà ju mítà 1 lọ. Ti páìpù máa ń pọ̀ lójú kan, yóò sì máa dín kù bí ẹ ṣe ń jìnnà sí i.

Ọ̀pá_Tíńrín
Kí ló dé tí ẹ̀ ń dá ara yín láàmú? Ẹ fi ọ̀dà olóróró kùn ún, tàbí kí ẹ lẹ táìsì dé ìgbáròkó. Ó parí.

Bíríkìlà_Òdogúnyàn
@Ọ̀pá_Tíńrín ẹ má bínú, ìyẹn gan-an ló ń sọ omi orúnkún di omi àyà. Búlọ́ọ̀kù ń fa omi bí òwú fìtílà ṣe ń fa karosín. Ibi tó bá ti rí ojú tó ṣí sílẹ̀ ni omi yóò ti gbẹ jáde. Bí ẹ bá fi ọ̀dà olóróró tàbí táìsì dí ojú yẹn, omi yóò gun òkè lọ wá ojú mìíràn. Iyọ̀ tó ń bá a rìn yóò dì sẹ́yìn ọ̀dà, yóò máa wú, yóò sì ti ọ̀dà náà kúrò lára ògiri. Ìdí nìyẹn tí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fi máa ń ṣí lódindi bí ìwé.

Bó bá jẹ́ omi ilẹ̀ ni lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Ẹ gbẹ́ rẹ́rẹ́ ògiri (sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ) kúrò láti ilẹ̀ títí yóò fi kọjá ìlà omi ní 30cm, ó kéré tán. Ẹ kó pàǹtí rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà, ẹ má fi kún ilẹ̀ inú ilé, iyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ẹ lu ihò sínú ìlà sìmẹ́ńtì tó so búlọ́ọ̀kù pọ̀, nǹkan bí 15cm sókè sí ilẹ̀ ìta, kì í ṣe sínú búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tiwa níhò nínú. Bí ẹ bá lu ibẹ̀, kíríìmù tí ń lé omi, tí ẹ ó tì sínú ihò náà, yóò dà sínú òfìfo, owó yín á sì wọlẹ̀. Irin ẹnu dírìlì 12mm, 12cm láàárín ihò kan sí èkejì, 13cm ní jíjìn. Ògiri ẹsẹ̀ bàtà 12 yóò gba nǹkan bí ihò 31. Ẹ fọn eruku inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wá ti kíríìmù náà (èyí tí wọ́n fi silane, èròjà tí ń lé omi, ṣe) wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò bọ̀ síta. Ìdajì lítà ló máa wọlé. Ẹ ra lítà 1, ìyókù kì í ṣègbé.

Rẹ́rẹ́ tuntun: páànù yanrìn 4 sí ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, páànù tí lébírà ń gbé lórí ni mò ń wí. Àpò kan jẹ́ páànù 2, torí náà ọ̀kan sí mẹ́rin nìyẹn. Ìwọ̀n yẹn tó ògiri yín dé gíga mítà 1.2 ní nínípọn 15mm. Ẹ fi oògùn adènà omi sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára gálọ́ọ̀nù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi POP kan ibẹ̀, òùngbẹ omi ló ń gbẹ òun náà.

Ìyá_Yanrìn
Ẹnu yín dùn lórí sìmẹ́ńtì, ẹnikẹ́ni ò bi yanrìn léèrè. Ní àgbègbè wa, lápá Báyékù àti Májìdún, inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú yanrìn tí à ń rà. Omi ọ̀sà máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yanrìn tí òjò ò tíì fọ̀ yóò gbé iyọ̀ yẹn wọ ara ògiri, iyọ̀ a sì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ lè tún ìdí ògiri ṣe dáadáa kí ògiri ṣì máa làágùn ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú.

Ẹ fi ahọ́n tọ́ ọ wò kí tírélà tó já a. Ẹ má tijú. Lẹ́yìn náà, ẹ bu yanrìn sínú ìgò tó mọ́ gaara dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu omi kún un, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kékeré kan sí i kí ẹrẹ̀ lè tètè rọlẹ̀, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí 3. Ẹrẹ̀ yóò dúró lórí yanrìn bí ìpara. Bí yanrìn bá ga tó 10cm, ẹrẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 8mm lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, rẹ́rẹ́ yẹn yóò sán wẹ́wẹ́ bó bá ti gbẹ tán. Páànù 4 péré ni ẹ nílò, ẹ lè fọ̀ ọ́ nínú agbada fúnra yín.

Tábìlì_Ẹ̀yìnkùlé
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ṣé Sátidé mélòó ni gbogbo èyí máa gbà? Mo gbọ́ pé ògiri íǹṣì 6 lè gba oṣù 6 kó tó gbẹ.

Kàlẹ́ńdà_Ara_Ògiri
Oṣù kan fún íǹṣì kan ni òfin àwọn àgbà, ti ògiri tó dì gbagidi ni. Tiyín níhò nínú, ẹ sì ti gbẹ́ rẹ́rẹ́ rẹ̀, yóò yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò sì nílò kó gbẹ tán kí iṣẹ́ tó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n, púpọ̀ nínú iṣẹ́ ilé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ìdúró ni. Ògiri ń gbẹ nígbà tí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12. Ẹni tó wà nílé láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè ló sábà máa ń ba rẹ́rẹ́ jẹ́, torí kò lè fọwọ́ lẹ́rán. Bí ẹ bá to iṣẹ́ náà kí ọwọ́ wà ní Sátidé, kí ìdúró wà láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì yín yóò ràn yín lọ́wọ́.

Sátidé kìíní, lébírà 2, ìdajì ọjọ́: ẹ gbẹ́ rẹ́rẹ́, ẹ palẹ̀ pàǹtí mọ́. Sátidé kejì, ẹ̀yin nìkan, wákàtí 3: ihò àti kíríìmù. Sátidé kẹta: oníwáyà la ògiri, ó ri páìpù wáyà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, kí rẹ́rẹ́ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àìmọye ilé ni wọ́n ti rẹ́ dán, tí oníwáyà wá fi ẹ̀rọ la á bí àkàrà. Sátidé kẹrin, ẹ sinmi, tàbí kí ẹ sùn. Sátidé karùn-ún, rẹ́rẹ́. Ẹ wọ́n omi sí i láàárọ̀ kí ẹ tó jáde àti lálẹ́ bí ẹ bá dé, fún ọjọ́ 3 sí 7. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọwọ́ kúrò. Ọ̀sẹ̀ 4 kí ọ̀dà tó kàn án, ọ̀dà olómi lásán ni, ẹ̀ẹ̀mejì.

Owó náà á bá a rìn: oṣù kìíní fún lébírà àti kíríìmù, ìkejì fún wáyà, sìmẹ́ńtì àti yanrìn, ìkẹta fún ọ̀dà àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ìkẹrin fún bátìrì. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ bẹ̀rẹ̀, Nofẹ́ńbà sí Màáṣì. Ẹni tó bá ń gbẹ ògiri ní Júùnù, òjò ló ń bá ta ayò.

Ẹ fúnra yín ra ohun èlò. Kí owó oníṣẹ́ jẹ́ owó ọwọ́ rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì máa san án bí ìpele bá ti ń parí. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ìlú pẹ̀lú. Ọjọ́ Orò, obìnrin kì í jáde. Bó bá jẹ́ ìyá oníbàárà yín ló ń ta sìmẹ́ńtì, ẹ ti rà á sílẹ̀ lánàá.

Wáyà_Kìí_Purọ́
Ibi tí mo ti fẹ́ wọlé nìyẹn. Wáyà 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí bírékà rẹ̀ jẹ́ 20A. Wáyà 1.5mm fún gílóòbù, bírékà 10A. Bí ẹ bá ń ro ọjọ́ iwájú tí e-èsì (ẹ̀rọ amúlétutù) yóò wọlé, ẹ fa 4mm lọ́tọ̀ fún un, kó ní bírékà tirẹ̀. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Oníwáyà tó bá ní òun fẹ́ fi bírékà 32A sórí 2.5mm kó má baà máa já, ẹ sọ fún un pé wáyà ni yóò máa já dípò rẹ̀, nínú ògiri, níbi tí ẹ ò ti rí i.

Kí ẹ tó san owó wáyà, ẹ bọ́ orí rẹ̀ díẹ̀. Bàbà tòótọ́ pupa láti ìta dé inú. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á tí inú rẹ̀ funfun, álúmínì tí wọ́n kùn ni.

Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri yẹn sókè, 105cm láti ilẹ̀, kó ga ju tábìlì lọ. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni omi ń gbé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onímejì 3, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí wọ́n ń fà gùn nílẹ̀. Bí ẹ bá ń la ògiri, ẹ là á lóòró. Lílà ní ìbú ń gé agbára búlọ́ọ̀kù íǹṣì 6.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù ni wáyà ilẹ̀, tí à ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní sọ́kẹ́ẹ̀tì onẹ́nu mẹ́ta tí ẹnu kẹta kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ óò mọ̀ bí ara irin kọ̀ǹpútà bá ń ta yín wìnnìwìnnì lọ́wọ́. Nínú ẹ̀rọ agbára dẹ́sítọ́ọ̀pù, àwọn kapásítọ̀ kéékèèké so wáyà iná méjèèjì mọ́ ara irin. Bí ẹ́ẹ̀tì kò bá sí, irin náà yóò dúró sí ìdajì 230V, nǹkan bí 115V. Agbára rẹ̀ kéré, kì í sábà pa èèyàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ki wáyà HDMI tàbí USB bọ̀ ọ́ nígbà tí iná wà, ó lè jó ojú ihò náà. Ọ̀pá bàbà mítà 1.2 ni kí wọ́n gbá sílẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, wáyà aláwọ̀ ewé òun yẹ́lò láti ibẹ̀ dé bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe mítà ọwọ́ lásán. Kí wọ́n tún fi bírékà 30mA tó ń já bí iná bá gba ara èèyàn sí i.

Eruku_Inú_Fáànù
Kí kọ̀ǹpútà má sùn nínú yàrá yẹn rárá títí ọ̀dà yóò fi gbẹ, ì báà jẹ́ pípa ló wà. Eruku sìmẹ́ńtì tinrín ju eruku ilẹ̀ lọ. Bí ọ̀rinrin bá bá a lórí bọ́ọ̀dù, yóò máa jẹ irin, yóò sì máa gbé iná láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Ẹ fi aṣọ wé e kí ẹ tó fi ọ̀rá bò ó. Ọ̀rá nìkan á há ọ̀rinrin mọ́ ọn.

Bó bá ti wá mu eruku ná: ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó lè tú iná tó kù nínú rẹ̀. Ẹ gbé e síta, ẹ fi bílówà fọn ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka tàbí igi di fáànù mú. Fáànù tí atẹ́gùn ń yí ń bí iná padà sínú bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń jẹ. Bí kò bá tan lẹ́yìn ìyẹn tàbí tó ń ké pípìpí, RAM (pátákó ìrántí kékeré inú rẹ̀) ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi írésà funfun rọra nu ẹsẹ̀ aláwọ̀ wúrà rẹ̀, ẹ fi ọtí ìfọnǹkan (isopropyl) tó ju 90 nínú 100 lọ parí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún «kẹ́» ní ìhà méjèèjì. Bí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, bátìrì CR2032 ló ti kú. Èyí tuntun jẹ́ 3V.

Ẹ má gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù sílẹ̀. 15cm sókè ilẹ̀, 15cm sí ògiri.

Ní ti láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó fẹ́ di olùtọ́jú fáìlì, yíyàn tó dáa ni. Ó ń jẹ iná díẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì ni UPS rẹ̀ (ohun tí ń gbé e dúró bí iná bá lọ). Ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí bátìrì bá ti wú, ẹ yọ ọ́, kò sí àfikún ọ̀rọ̀. Bí kò bá wú, ẹ fi ààlà 80 nínú 100 sí gbígba iná rẹ̀ bí BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ jí bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà) bá gbà yín láyè. Kó má baà sùn bí ẹ bá pa á dé, ẹ ṣí fáìlì /etc/systemd/logind.conf, ẹ kọ HandleLidSwitch=ignore síbẹ̀, ẹ tún un tàn. Fáìlì tí ẹ ò lè pàdánù, ẹ̀dà 3 ni, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi 2, kí ọ̀kan má sí nínú ilé yẹn. Láptọ́ọ̀pù kan nínú yàrá tó tutù kì í ṣe ìpamọ́, àdúrà ni.

Ọ̀pá_Tíńrín
Wi-Fi ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ṣe?

Oríwáyà_Mẹ́jọ
Ògiri tó tutù ń gbé Wi-Fi mì ju èyí tó gbẹ lọ, ti 5GHz ló sì ń jìyà jù. Wáyà Cat6 kan láti ibi ráútà dé tábìlì, ó tán. Ẹ jẹ́ kí páìpù rẹ̀ (25mm) bá ti iná wọ ògiri ní Sátidé kẹta yẹn, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí i ní 20cm. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ kọjá ara wọn, kí ó jẹ́ bí àgbélébùú.

Bí ẹ bá ń de orí rẹ̀, ẹ di ike orí náà mú kí ahọ́n kékeré rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ kà láti apá òsì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-bíráwùn, bíráwùn. Bákan náà ní ìhà kejì. Ẹ má tú lílọ́ rẹ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ, kí awọ ìta wáyà sì wọ inú ike náà kí ehín rẹ̀ lè bù ú jẹ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 100Mbps ló ń fi hàn dípò 1000. Wáyà 1, 2, 3 àti 6 nìkan ló kan irin. Ẹ má bú ráútà, ẹ gé orí yẹn, ẹ dè é tuntun.

Wáyà_Kìí_Purọ́
Kẹ́nìkan tó béèrè: jíjẹ́ tí ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn, 1,320MW, wà ní Ìjẹ̀dè níbí kò fún ẹnì kankan nínú wa ní iná. Orí òpó ńlá gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná rẹ̀ ń lọ. Torí náà, ẹ ṣírò bátìrì.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì 120W, ojú rẹ̀ 25W, ráútà 10W, fáànù 50W, gílóòbù 9W. 214W ni. Bátìrì olómi 12V 200Ah jẹ́ 2,400Wh, ṣùgbọ́n ẹ má lò ju ìdajì lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ láyé: 1,200Wh. Ínfátà á mú ìdá 15 nínú 100, ó ku 1,020. Ẹ fi 214 pín in: wákàtí 4 àti díẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú 45. Bí láptọ́ọ̀pù 45W bá rọ́pò dẹ́sítọ́ọ̀pù àti ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di 114W, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 9. Bátìrì kan náà o. Kí ẹ tó ra ìkejì, ẹ wo ohun tó ń mu ti àkọ́kọ́.

Ínfátà tó ń ṣe iná bí ìgbì tó yípo dáadáa (pure sine wave) ni kí ẹ rà, kì í ṣe onígun mẹ́rin. Ẹ̀rọ agbára kọ̀ǹpútà òde òní máa ń kùn lórí onígun, òmíràn á kàn kú pátápátá lójú ẹsẹ̀ tí iná bá yí. Omi inú bátìrì: distilled nìkan. Bọ́ọ̀hóòlù tó ń sọ bókẹ́ẹ̀tì di pupa, irin ló wà nínú rẹ̀, yóò pa bátìrì yín. Bó bá ń gba iná, ó ń tú gáàsì tó ń gbiná. Kó má wà nínú yàrá tí ẹ̀ ń sùn.

Àǹtí_Túsìdeè
Mo rí i pé gbogbo yín ti gbàgbé ọ́fíìsì. Ìpè fídíò tó ń dédé já luni ló máa tú ètò yìí ká, kì í ṣe ọ̀rinrin. Lébírà kò gbọdọ̀ wọlé ní Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, ariwo dírìlì kan ṣoṣo ti tó láti mú ọ̀gá yín rò pé ẹ ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ di wákàtí 2 láàárọ̀ sórí kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì tí gbogbo ènìyàn ń rí, ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ibi tó ṣófo ni wọ́n máa ń ki ìpàdé sí. Ìpè tó bá wá lẹ́yìn aago ìparí iṣẹ́, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ fèsì: «Mo ti rí i sà, yóò wà lórí tábìlì yín láago 9 òwúrọ̀.» Ẹ dárúkọ aago. Bí ẹ bá gbé ìpè náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di àṣà.

Kí íntánẹ́ẹ̀tì kejì wà lórí fóònù, láti ilé iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ sí ti ráútà. Fídíò lè jẹ ju 1GB lọ ní wákàtí kan. Ohùn nìkan kì í sábà dé 100MB, torí náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, ojú ni kí ẹ pa, kì í ṣe ẹnu. Ẹ ta kọ́tìnnì tó nípọn sí ògiri òdìkejì. Yàrá tuntun tó ṣófo máa ń dún bí inú tánńkì.

Tábìlì_Ẹ̀yìnkùlé
Ọ̀rá ti lo wákàtí 48. Omi wà lẹ́yìn rẹ̀, iwájú gbẹ táútáú. Búlúù kò yọ níbì kankan, omi tánńkì kò dín. Ìlà náà dọ́gba láti igun dé igun. Ṣé kí n lọ ra kíríìmù?

Bíríkìlà_Òdogúnyàn
Omi ilẹ̀ ni. Ìbéèrè kan ló kù. Ẹ dúró síta lẹ́yìn ògiri yẹn, ẹ wo ilẹ̀: ṣé ó ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, àbí ó rẹlẹ̀ sí i?

Tábìlì_Ẹ̀yìnkùlé
Ó ga jù ú lọ ní nǹkan bí íǹṣì 4. Wọ́n ti da yanrìn kún ẹ̀yìnkùlé torí ẹ̀kún omi.

Bíríkìlà_Òdogúnyàn
Ẹ fi kíríìmù sílẹ̀ ná, ṣọ́bìrì ni ẹ ó rà. Ẹ wa yanrìn yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, 60cm ní fífẹ̀, títí ilẹ̀ ìta yóò fi rẹlẹ̀ sí ti inú ní 15cm. Iṣẹ́ Sátidé kan ni fún lébírà 1, ṣùgbọ́n ẹ rọra níbi páìpù balùwẹ̀. Bí wọ́n bá kan ibi tí ìpìlẹ̀ ti fẹ̀ jáde, wọn ò gbọdọ̀ wà á wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ da kọnkéré tínrín sí ojú ibẹ̀ kó dà sílẹ̀ díẹ̀ kúrò lára ilé, 2cm láàárín 60cm yẹn ti tó, kí ẹ sì wá ibi tí omi rẹ̀ yóò máa gbà jáde kó má baà di odò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ẹ tún ọ̀rá lẹ̀ sí ojú kan náà, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Tábìlì_Ẹ̀yìnkùlé
Lébírà ti gbà, Sátidé yìí ni.